Pátákó Tí Mo Fi Tún Ìkúnlẹ̀ Kọ́

Mo ti kúnlẹ̀ tán kí n tó mọ̀ pé n kò ní lè dìde. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìjẹ̀bú, ló dé sílé wa ní Súrùlérè lọ́sàn-án Sátidé kan. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Ó ní, "Dìde, ìyàwó wa." Ọkàn mi dìde, ara ò tẹ̀ lé e. Orúnkún mi dà bí èyí tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ mọ́lẹ̀. Mo wá ń ṣe bíi pé yẹtí mi já bọ́, mò ń fọwọ́ tú ilẹ̀ kiri títí mo fi rí apá àga dì mú. Yẹtí méjèèjì sì wà létí mi o!

Tísà ni mí, Yábàá ni mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa káàánú mi. Nígbà tí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀, abẹ́ ìró ni mo ń fi í pa mọ́ sí. Nígbà tí ìwé tí mò ń kọ sójú pátákó kíláàsì ń kéré sí i, mo ní ṣọ́ọ̀kì ni ò dáa. Àmọ́ mo ṣubú nílé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, ni Bàbá Bísí, ọkọ mi, bá fà mí lọ sí ọsibítù.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Fáànù òkè ń yí jẹ́jẹ́, mo tẹjú mọ́ ọn títí ó fi ń ṣe mí bíi pé òun ló dúró, èmi ni mò ń yí. Dókítà ní kí n rìn, kí n yí padà, ó wá fà mí léjìká díẹ̀ láti ẹ̀yìn, mo sì ń lọ gbalaja kó tó gbá mi mú. Ó pe àìsàn náà ní Pákínsìn. Bó ṣe yé mi ni màá ṣe sọ ọ́: èròjà kan wà nínú ọpọlọ tó ń bá a jíṣẹ́ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Tèmi ti ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń gbọ̀n, tó ń gan, tí ìrìn ń falẹ̀, tí ojú ò sì rẹ́rìn-ín mọ́ bí inú tilẹ̀ ń dùn. Oògùn wà tó ń dẹ̀ ẹ́, kò sí èyí tó ń lé e lọ. Ó ní kí n máa lò ó ṣáájú oúnjẹ, torí ẹran àti ẹ̀wà lè dí i lọ́nà.

Mo sunkún nínú takisí. Mo bẹ Bàbá Bísí pé kó má sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ẹnu ayé, wọ́n á ní àfiṣe ni.

Àṣìṣe ńlá ni mo ṣe yẹn. Nígbà tí Ìyá Ìjẹ̀bú tún dé, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Orí ìdúró ni mo ti kí i, ojú mi sì le koko. Ó wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìyàwó, èmi lò ń kí lórí ìdúró? Kò burú. O ti dàgbà jù wá lọ."

Kò fẹnu kan omi tí mo gbé fún un. Ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ, oṣù mẹ́jọ kọjá, a ò rí i. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ní Sátidé, mo máa ń rí Bàbá Bísí tó ń yọjú lójú fèrèsé, bóyá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń bọ̀. Ó dùn mí wọra. Mi ò bẹ Ọlọ́run pé kí n sáré o. Mo ní kó jẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí ìyá yẹn, kí n sì dá dìde, kí ọ̀kan nínú wa tó kú.

Obìnrin tó ń fi eré ìdárayá wo aláìsàn ní ọsibítù kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé ìwúwo ara láti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, ìgbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́. Ẹ gbà mí! Ta ló fẹ́ máa ka ọgọ́rùn-ún bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti pa á tì. Bàbá Bísí, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Pápá Àjàó, ò bá mi jà. Ó gbé géèmù tí Bísí ọmọ wa fi sílẹ̀ nígbà tó lọ ilé ọkọ, ó tú ohun tí wọ́n fi ń darí ẹ̀. Ó kan pátákó kan, ó fi rọ́bà sábẹ́ ẹ̀ kó lè máa mì díẹ̀, ó fi bọ́tìnì agogo ẹnu ọ̀nà sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wá so wáyà mọ́ géèmù. Bí mo bá fì sọ́tùn-ún, ọkọ̀ ojú omi kékeré inú géèmù á yà sọ́tùn-ún.

"Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ," ó ní. "Ìyá Bísí, gùn ún."

"Ẹ má pa mí o, Bàbá Bísí!"

Ó gbé àga síwájú mi, òun fúnra ẹ̀ dúró sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà, ẹ má dá irú ẹ̀ ṣe, ẹ sì kọ́kọ́ bi dókítà yín.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sí òkúta tí mi ò kọ lù. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ mi lára. Lọ́sàn-án tí iná bá wà, a máa ń fa kọ́tìnì, ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n á sọ pálọ̀ di aláwọ̀ omi. Màá dúró láìwọ bàtà, màá fì sọ́tùn-ún, màá fì sósì, ọkọ̀ á máa yọ́ lọ láàárín òkúta. Tó bá pẹ́ díẹ̀, mi ò ní mọ̀ pé ilé ni mo wà mọ́. Màá máa gbóòórùn ẹja yíyan ní Mákòókó, màá máa rí àwọn obìnrin tó dúró ṣánṣán nínú ọkọ̀ lórí ọ̀sà, èmi náà á sì wà láàárín wọn, ara mi á fúyẹ́. Wọ́n á ṣàdédé mú iná lọ, màá bá ara mi ní pálọ̀, omi á ti kún ojú mi. Lóṣù kẹta, mo wẹ̀ láì di ògiri mú.

Bàbá Bísí ò lè pa á mọ́ra mọ́, ó lọ sí Ìjẹ̀bú, ó sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Orí pátákó ni mo wà nígbà tí àwọn méjèèjì wọlé.

"Ìyàwó wa, kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ìyá Ìjẹ̀bú ti ń sunkún.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

"Rárá o! Má kúnlẹ̀, mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe ń gun pátákó yìí."

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n ju ọwọ́ mi lọ. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, mo fara tẹ̀ síwájú, mo dúró díẹ̀. Ọkọ mi nawọ́ sí mi, Ìyá Ìjẹ̀bú gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù. "Fi í sílẹ̀ jàre!" Mo dá dìde.

Àìsàn náà ò tíì lọ, kò sì ní lọ. Mo ti kọ́ láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara mi fún èyí tó bá lè ṣe lóòjọ́, kí n má máa bá a jà nítorí èyí tí kò lè ṣe. Bí Ìyá Ìjẹ̀bú bá dé lọ́jọ́ tí ara gbà, màá kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá gbà, màá jókòó sórí àga mi, màá ní, "Mo kúnlẹ̀ o, mà." Á dúró díẹ̀, bíi pé ó ń wò mí nílẹ̀ lóòótọ́, á wá ní, "Dìde, ọmọ mi."