Àpòòwé Tí Wọ́n Fi Sí Ìkáwọ́ Mi

Ìrẹsì ọ̀fadà ni ìyàwó mi ń ṣà lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn. Ọjọ́ Sátidé ni. Ó jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Aké, àtẹ wà lórí itan rẹ̀, ó ń yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì, ó sì ń sọ̀rọ̀ láìdúró. Mo jókòó tì í, mo ń bá a ṣà á, ṣùgbọ́n ojú mi kì í tètè rí òkúta bíi tirẹ̀ mọ́.

“Tíṣà, ẹ wo èyí tí ẹ fò,” ó mú òkúta kan sókè. “Ṣé bí ẹ ṣe ń máàkì ìwé nìyí? Ọlọ́run ló yọ àwọn ọmọ ọlọ́mọ.”

Tíṣà ló ń pè mí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, nítorí ìṣirò ni mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Ìbejì ni èmi ń pè é.

Mo bi í pé ṣé kò rẹ̀ ẹ́, ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Ó ní kò rẹ òun, inú òun ló ń dùn. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì iṣẹ́ ìdánwò àwọn tó ń wá iṣẹ́ sí ẹ̀ka rẹ̀, ogún ènìyàn fún àyè méjì. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì náà, títí kan òun fúnra rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka, tó mọ ẹni tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà nìkan ló wà lórí wọn. Èmi ni mo pín nọ́ńbà náà, orúkọ àwọn tó ni wọ́n sì wà nínú àpòòwé kan tí mo lẹ̀ pa, tí mo fi sí abẹ́ agbádá mi nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọ̀rọ̀ àpòòwé yìí ní ìtàn.

Ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàrà ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Ó wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà síbẹ̀. Bí ètò kan bá dákú, òun ni wọ́n ń pè. Bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, òun ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ipò ọ̀gá ẹ̀ka bá ṣófo, ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi síbẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn ìbejì ṣì kéré, kò ní lè máa pẹ́ ní ọ́fíìsì. Nígbà kejì, àwọn ìbejì ti wọ yunifásítì, wọ́n wá ní ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ, ọ̀dọ́ ni àwọn ń wá. Mo bi í pé ìgbà wo gan-an wá ni ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe déédéé. Ó ní ó ní láti jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan, òun á sì ti jáde lọ ra búrẹ́dì.

Òun náà ló kọ́ ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ nígbà kejì yẹn níṣẹ́. Ọmọlúàbí ọmọkùnrin ni, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ń pè é ní Mọ́mì, bí iṣẹ́ kan kò bá sì yé e, yóò gbé e wá. “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.” Mọ́mì á bá a wò ó. Ní ìparí oṣù, orúkọ ọmọkùnrin náà nìkan ló máa ń wà lórí iṣẹ́ ọ̀hún.

Ìyàwó mi kì í pariwo bí inú bá ń bí i. Aṣọ ló máa ń lọ̀. Yóò lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, yóò lọ aṣọ ìbora, yóò lọ tówẹ́ẹ̀lì. Bí mo bá ti wọlé tí mo rí tówẹ́ẹ̀lì tó gún régé lórí àga, mo ti mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́jọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń lọ ṣòkòtò mi funfun, èmi sì ń máàkì ìwé ìdánwò àṣekágbá lórí tábìlì. Ìwé àwọn ọmọ tí n kò rí rí ni. Wọn kì í kọ orúkọ sí i. Ó wò mí títí.

“Tíṣà, ẹni tí ẹ ń fún ní máàkì yìí, ọkùnrin ni àbí obìnrin?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ṣé ọmọ Ẹ̀gbá ni?”

“Mi ò mọ̀. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀.”

“Tó bá jẹ́ ọmọ gómìnà ńkọ́?”

“Tí kò bá mọ ìṣirò, yóò fìdí rẹmi.”

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo gbóòórùn nǹkan tó ń jó. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, áyọ́ọ̀nù ti jẹ orúnkún ṣòkòtò mi. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ìwé tó wà níwájú mi ló ń wò.

“Ìyá Ìbejì, ṣòkòtò mi ń jó o.”

“Ẹ jẹ́ kó jó,” ó ní. “Ẹ fún mi ní bébà.”

Lẹ́tà tó kọ sí ọ̀gá àgbà wọn kò ju ojú ewé kan lọ. Ó bọ́ sí àsìkò, nítorí ọmọkùnrin tí wọ́n fi jọ̀gá lé e lórí ti já pa lọ sí Kánádà kí ó tó pé ọdún kan lórí ipò náà. Ohun tó béèrè ni pé kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ipò yìí ṣe iṣẹ́ kan náà, ní ọjọ́ kan náà, pẹ̀lú nọ́ńbà, kí ará ìta wà lára àwọn tí yóò máàkì rẹ̀. Ọ̀gá àgbà yẹn kì í ṣe ènìyàn búburú. Ti ẹni tó bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ló máa ń gbọ́, lọ́jọ́ náà ìyàwó mi ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó kàn béèrè pé ta ni yóò tọ́jú orúkọ, nítorí kò sí ẹni tó fọkàn tán ẹnì kejì nínú ọ́fíìsì.

“Ọkọ mi,” ni ìyàwó mi wí.

“Mọ́mì, ọkọ yín kẹ̀?”

“Kò ní máàkì nǹkan kan. Orúkọ nìkan ni yóò fi pamọ́. Ogún ọdún ló fi máàkì ìwé nínú ilé mi, kò sọ máàkì ẹnì kan fún mi rí. Tí ẹ bá ní ẹni tó lè pa ẹnu mọ́ jù ú lọ, ẹ mú un wá.”

Wọn kò rí ẹni mú wá. Àwọn márùn-ún ló dupò náà. Mo lọ sí Ìbàrà, wọ́n mú nọ́ńbà nínú ife kan, mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀, mo lẹ àpòòwé pa.

Ẹ̀rín ni ìyàwó mi bá wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Kò tíì bọ́ bàtà tó fi ní, “Tíṣà, wọ́n gbé ìbejì fún Ìyá Ìbejì.” Ètò kan tí wọ́n rà fún ilé ìwòsàn ló ń da káàdì àwọn ìbejì pọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ rò pé ènìyàn méjì kò lè jọ ní orúkọ bàbá kan, ojúlé kan àti ọjọ́ ìbí kan. Wọ́n ní kí àwọn márùn-ún wá ibi tí àṣìṣe náà wà, kí wọ́n sì tún un ṣe.

“Irú ènìyàn wo ló kọ ọ́?” mo bi í.

“Ó dájú pé kò dé Abẹ́òkúta rí.”

A jẹun, a ń rẹ́rìn-ín. Àárín oúnjẹ ló ṣàdédé fi ọwọ́ bo ẹnu. Nínú iṣẹ́ wọn, ẹni tó ń kọ ètò a máa fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn ọ̀la lè mọ ohun tó ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ ọ́. Yorùbá ni ìyàwó mi fi ń kọ tirẹ̀. Á kọ ọ́ pé, “Má fọwọ́ kan ibí yìí.” Á kọ ọ́ pé, “Mo ń bọ̀ wá tún èyí ṣe.” Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é débi pé kò rántí pé òun ń ṣe é.

“Tíṣà, mo ti kọ orúkọ mi síbẹ̀.”

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò sí tówẹ́ẹ̀lì tí kò lọ̀ nínú ilé wa.

Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ní ọjọ́ tí mo gbé àpòòwé lọ, pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹ̀gbẹ́ ètò yẹn ni òun kọ́kọ́ wá. Ó ní òun fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti Mọ́mì kí òun tó fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Ó ṣí iṣẹ́ kìíní, ó rí Yorùbá, ó ní òun ti rí i. Ó ṣí ìkejì, Yorùbá. Ìkẹta, Yorùbá. Àwọn márààrún ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ ìyàwó mi ni àwọn mẹ́rin yòókù ti kọ́ iṣẹ́. Àwọn olùkọ́ méjì tí wọ́n pè láti ìta ti ń wò ó, kò sí ohun tó lè ṣe ju kó máàkì ohun tó wà níwájú rẹ̀ lọ.

Nọ́ńbà kẹrin ló gbégbá orókè, ó sì fi ẹni tó tẹ̀ lé e sílẹ̀ jìnnà. Mo ya àpòòwé, mo ka orúkọ ìyàwó mi.

Ọ̀kadà kan ṣoṣo la gùn padà, àwa méjèèjì lẹ́yìn ọkùnrin náà, bí ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí a dé Ìtòkú, tí èrò dí ọ̀nà, ó tẹ̀ síwájú, ó sọ fún ọlọ́kadà pé òun ti di ọ̀gá.

“Ọ̀gá kí ni, mà?”

“Ọ̀gá kọ̀ǹpútà.”

“Ẹ bá mi bá ọlọ́pàá iwájú yìí sọ̀rọ̀ nígbà náà.”

Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe ọ̀gá. Mo ń rí obìnrin tí mo fẹ́ nígbà èwe lójoojúmọ́ nínú oṣù mẹ́jọ yẹn. Ó ń yára rìn. Ó ń kọrin bó bá ń fọ eyín. Nígbà tí wọ́n ní kí ó gba òṣìṣẹ́ méjì, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó gbé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà kalẹ̀, mo sì tún di olùtọ́jú àpòòwé.

Ní ọ̀sán Sátidé yẹn, lẹ́yìn tí a jẹ ìrẹsì náà tán, ó ní orí ń fọ́ òun. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, ó ti dákẹ́. N kò ní kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, ọ̀gá àgbà wá kí mi. Ó sunkún, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sun ún. Nígbà tí àwọn yòókù jáde, ó sún mọ́ mi.

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà. Bàbá, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà. Alága ilé ìwòsàn tó ń gbé iṣẹ́ fún wa jù lọ, àbúrò ìyàwó rẹ̀ wà nínú àwọn ogún yẹn. Mo kàn fẹ́ mọ nọ́ńbà rẹ̀ ni. Nọ́ńbà kan péré.”

“Tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mi ò ní fi ṣe nǹkan kan, sà.”

“Ẹ jẹ́ kó wà níbi tó wà nígbà náà.”

Ó rẹ́rìn-ín nínú ẹkún. “Bí Mọ́mì ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn.”

“Rárá,” mo ní. “Mọ́mì á ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ ọn.”

Nígbà tó lọ tán, mo wọ yàrá, mo mú àpòòwé náà jáde, mo dì í mú. Nọ́ńbà kan ni, ó sì ti rẹ̀ mí, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ohun tí ìyàwó mi fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn wá ti bàjẹ́, kò sì sí níbẹ̀ mọ́ láti tún un bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni wọ́n dá pé kí a ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá mi níbi tí mo ti ń de okùn bàtà.

“Ọjọ́ kẹfà lónìí, a ò tíì sin ìyàwó rẹ, àwọn ènìyàn ń bọ̀ wá kí ọ. Ibo lò ń lọ?”

“Ibi iṣẹ́, mà.”

“O ti fẹ̀yìn tì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ bá mi gbà wọ́n lálejò.”

Mo dá gun ọ̀kadà dé Ìbàrà. Gbogbo wọn dìde nígbà tí mo wọlé. Wọ́n ti máàkì tán, wọ́n ti to nọ́ńbà sílẹ̀. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ló ṣe ipò kìíní, nọ́ńbà kẹfà ló tẹ̀ lé e. Mo ya àpòòwé lójú gbogbo wọn, mo ka orúkọ méjèèjì. Ọ̀gá àgbà ní kí n jọ̀ọ́ tún wò ó. Mo tún wò ó. Nọ́ńbà kọkànlá ni àbúrò ìyàwó alága náà, kò sí nítòsí àwọn méjì náà rárá. Ó mú báírò, ó dúró díẹ̀, ó fọwọ́ sí ìwé.

“Mọ́mì ló ní àwọn fúnra àwọn ló máa pe ẹni tó bá yege,” ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ sọ jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí fóònù.

Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi. N kò fẹ́ràn fóònù. Òun ló máa ń bá wa pe gbogbo ènìyàn, àní àwọn ọmọ wa. Mo tẹ nọ́ńbà ẹni àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan ní Itori. Ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata ló kọ́kọ́ wọ etí mi.

“Ẹ ti gba iṣẹ́ náà,” mo sọ fún un.

“Ẹ̀n? Ẹ má bínú, sà, mi ò gbọ́. Ṣọ́ọ̀bù màmá mi ni mo wà. Ta ló ń sọ̀rọ̀?”

“Èmi ni mo tọ́jú orúkọ yín.”

“Ẹ dúró, sà, ẹ jẹ́ kí n pa ẹ̀rọ.”

Ẹ̀rọ náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì dákẹ́. Mo tún un sọ fún un. Nígbà tó dákẹ́ igbe, mo kí màmá rẹ̀, mo sì pe ẹnì kejì.