Oṣù Mẹ́ta Tí Mo Fi Gbé Àmẹ́ríkà ní Isikan

Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó kò tó wákàtí kan, bí ọlọ́pàá kò bá dá ọkọ̀ dúró lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí ẹni tó bá gbọ́ ìyókù á máa rò pé òkun ló wà láàárín wa.

Isikan, ní Àkúrẹ́, ni mò ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan tí páànù rẹ̀ ń jò débi pé mo mọ ibi tí màá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ pírójẹ́ẹ̀tì wọn, kí n sì máa ṣe fọ́tòkọ́pì, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọkọ̀ Oǹdó ti ń kó èrò. Ìyá mi wà ní Oǹdó, òun àti ìyá tó bí i. Ìyá àgbà yìí ló tọ́ mi dàgbà, torí tíṣà ni ìyá mi, ìjọba a sì máa gbé e láti abúlé kan sí òmíràn bí ẹni ń gbé àga.

Nǹkan le lásìkò yẹn. Owó ìfẹ̀yìntì ìyá mi ń wá nígbà tó bá wù ú. Bẹntiróòlù wọ́n débi pé ọ̀gá mi kì í tan jẹnẹrétọ̀ àfi tí oníbàárà bá pé mẹ́ta. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí èmi rí rò ni pé mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ilé ìwé gíga kan wà ní Àmẹ́ríkà tí wọ́n ń gba èèyàn wọlé láti kọ ìtàn gba oyè másítàsì, wọn a sì tún máa fún un lówó tó máa fi jẹun. Mo kọ̀wé sí mẹ́fà. Odidi ọdún méjì ni mo fi kọ ìtàn tí mo fi ránṣẹ́, láàárín pírójẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni.

Àṣìṣe mi ni pé mo sọ fún ìyá mi.

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń dúró de èsì. Ó ní àdúrà ló ń ṣáájú, èsì ló ń tẹ̀ lé e. Ní oṣù kìíní ó pè mí wá sí Oǹdó, ó ní kí n wọ aṣọ tó dáa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé ìdúpẹ́ ọdún tuntun ni. Àfi bí Fíkà ṣe pè mí síwájú pẹpẹ, tí gbogbo ìjọ dìde, tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ìrìnàjò: kí ọkọ̀ òfurufú má já, kí n rí ojú rere lọ́dọ̀ òyìnbó. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Kí ni kí n sọ? Pé ẹ dúró ná, wọn ò tíì gbà mí? Háà, níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá! Wọ́n tún gbé súwẹ́tà kan jáde tí wọ́n dá owó jọ rà nítorí òtútù, aláwọ̀ ewé, ó nípọn bíi tìmùtìmù. Ààrẹ ẹgbẹ́ náà, ìyá kan tí ilé rẹ̀ fara kan tiwa, ló wọ̀ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀. Òógùn ń kán láti iwájú orí mi sórí tìmùtìmù ìkúnlẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Màmá, wọn ò tíì dáhùn o."

"Wọ́n á dáhùn," ló wí. "Ìwọ ṣáà gbà á gbọ́."

Wọ́n dáhùn lóòótọ́. Ní oṣù kejì, méjì ní rárá. Ní oṣù kẹta, mẹ́ta ní rárá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, pé àwọn tó kọ̀wé ti pọ̀ jù, pé kí n má bọ́hùn. Èyí àkọ́kọ́, mo sunkún. Ìkẹta, mo kà á tán, mo sì bá ọmọbìnrin kan ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní méjì-méjì. Ìkarùn-ún, mi ò rántí ibi tí mo wà. Ara mi ti kú. Kì í ṣe ìbànújẹ́ o. Èèyàn tí inú rẹ̀ bà jẹ́ lè sunkún, kó nu ojú, kó sùn. Èyí dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri: o mọ̀ pé tìrẹ ni, o fọwọ́ gbá a, kò jẹ́.

Ìkẹfà ló wá kó mi sí wàhálà, torí kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ní ìtàn mi dáa, ṣùgbọ́n àyè ti kún. Orúkọ mi wà lára àwọn tó ń dúró, bóyá ẹnì kan á yẹ̀ kúrò. Kó tó di òpin oṣù kẹfà, wọ́n á sọ ibi tó já sí.

Mo kà á fún ìyá mi lórí fóònù. Ó pariwo, "Jésù, o ṣeun!" Lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde ó tún pè mí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó ní àwọn ìyá ìjọ kò jẹ́ kí òun gbádùn. Wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí mò ń lọ gan-an. Wọ́n ti ra súwẹ́tà, wọ́n ti gbàdúrà, kí ló tún kù?

"Mo ti sọ fún wọn pé o ti lọ," ló wí.

"Lọ síbo?"

"Ibi tí ò ń lọ náà. Kí ni oṣù méjì? Tí wọ́n bá ti pè ọ́, ó ti di òótọ́ nìyẹn. Ìwọ ṣáà má wá sí Oǹdó. Kí ẹnikẹ́ni má rí ọ."

"Ìyá àgbà ńkọ́?"

"Ohun kan náà ni mo sọ fún òun. Ṣé o ò mọ̀ pé kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ ni?"

Ó yẹ kí n bínú. Èmi tí mo máa ń bínú sí ẹni tó bá ká ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sápò wá ṣe fọ́tòkọ́pì! Mo kàn ní, "Ó dáa, mà." Bí mo ṣe lọ sí Àmẹ́ríkà nìyẹn.

Ni Oǹdó bá fẹ́ gbọ́ bí mo ṣe ń gbé níbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé ìyá mi á pè: "Wọ́n á bi mí lọ́la. Kí ni kí n wí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Mo ní fèrèsé yàrá mi kọjú sí igi kan tí kò ní ewé. Mo ní ọmọ ilẹ̀ Kòríà kan la jọ ń gbé, pé ó máa ń jẹ ẹ̀fọ́ kan tó ti kan, tó ń rùn bí omi ògì ọjọ́ márùn-ún. Mo ní yìnyín bọ́ lẹ́yìn Àjíǹde, tí ó ya àwọn ará ibẹ̀ gan-an lẹ́nu. Mi ò fojú kan ọ̀kan nínú wọn rí. Abẹ́ páànù ní Isikan ni mo jókòó sí, tí mò ń fi páálí fẹ́ ara mi. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ tó dáa jù tí mo kọ lọ́dún yẹn nìyẹn. Ìyá mi á tún bu tirẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún wọn pé mo ti wọ ẹgbẹ́ akọrin níbẹ̀, èmi tí mi ò lè dá ẹsẹ orin kan kọ kí n má yà bàrá!

"Màmá," mo ní, "ẹ̀yin ló yẹ kí wọ́n gbà sí ilé ìwé yẹn." Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ń ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá àgbà náà. Ìyẹn nìkan ló máa ń rìn mí lára díẹ̀.

Nígbà tí oṣù kẹfà wọlé, àìsàn dá ìyá àgbà dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò jẹun mọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ìyá mi pè mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ìyá àgbà fẹ́ gbọ́ ohùn mi, kí n má lọ sọ ìsọkúsọ o. Ó gbé fóònù fún un.

"Ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí, ohùn rẹ̀ ti wẹ́. "Ṣé òtútù ibẹ̀ kò pọ̀ jù?"

"Ó pọ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n mo wọ súwẹ́tà."

Ibẹ̀ gan-an ni agbèrò tó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ti lanu, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú: "Oǹdó! Oǹdó! Ó ku ẹnì kan! Oǹdó, ó ku ẹnì kan!"

Mo fọwọ́ bo fóònù. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mò ń gbọ́ bí ìyá àgbà ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun gbọ́: "Ó ní ó ku ẹnì kan."

Mo gbé fóònù sá lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì.

"Ṣé o ò gbọ́ ni? Ó ku ẹnì kan."

"Mo gbọ́, Ìyá."

"Ó dáa. Máa wọ súwẹ́tà rẹ." Ó dá fóònù padà fún ìyá mi.

Obìnrin kan tó gbé adìyẹ dání ló wọ ọkọ̀ náà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó títí ó fi lọ. Kí ló dá mi dúró? Mo ti bi ara mi títí ó fi sú mi. Mo máa ń sọ pé torí ìyá mi ni, kí ojú má tì í láàárín ìjọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pé. Òpin oṣù kẹfà ti kù díẹ̀. Mo rò pé bí ẹnikẹ́ni bá rí mi ní Oǹdó, ohun tí mò ń retí á bàjẹ́. Mo fẹ́ ilé ìwé yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ ẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ní Sátidé ni màá lọ, màá fi ìborùn bo ojú. Ọjọ́bọ̀ ni ìyá àgbà kú.

Wọn ò jẹ́ kí òkú rẹ̀ pẹ́ nílẹ̀, torí kò sówó mọ́ṣúárì. Kò sẹ́ni tó retí pé kí èèyàn fò láti Àmẹ́ríkà wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá mi ní kí n kọ nǹkan tí Fíkà máa kà. Mo kọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo kọ ọ́ pé tí àrá bá ń sán, ìyá àgbà máa ń gbé etí mi lé ikùn rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ikùn rẹ̀ nìkan ni màá máa gbọ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ìyá kan ará Isikan wọlé wá, ó ní, "Ẹ bá mi tẹ ùwé yìí." Mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fídíò dé sórí fóònù mi. Fíkà ń kàwé, àwọn ìyá ń nu ojú, ààrẹ ẹgbẹ́ sì ń sọ pé, "Ọmọ yìí mà mọ ìwé kọ o!" Ilé ìwé márùn-ún kò fẹ́ ọ̀rọ̀ mi, odidi ìjọ sì ń sunkún lé e lórí. Èmi ò sunkún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wo fídíò náà, mò ń wá ibi tí mo ti lè rí pósí. Ẹ̀yìn Fíkà ló bò ó.

Lọ́jọ́ Túsìdé tó tẹ̀ lé e, ìkẹfà dáhùn. Kò sẹ́ni tó yẹ̀. Mo kà á, mo pa kọ̀ǹpútà. Mo ní kí n pe ẹnì kan kí n sọ fún un, mo sì rí i pé ẹni tí mo fẹ́ sọ fún, wọ́n ti sin ín.

Lọ́jọ́ kejì mo fa súwẹ́tà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wọ̀ ọ́, mo sì lọ síbi ọkọ̀. "Oǹdó! Ó ku ẹnì kan!" Mo wọlé. Agbèrò wò mí lókè wò mí nílẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ṣé ibà ni?" Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi súnra díẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni mo dé. Ìyá mi jókòó sí ìta, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò ní káàbọ̀. Ó dìde, ó ní, "Ta ló rí ọ?"

"Gbogbo ìlú, mà."

Ó fà mí wọ yàrá ìyá àgbà. A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti ká aṣọ rẹ̀ kúrò. Mo sọ fún un pé ilé ìwé ti ní rárá. Ó sunkún díẹ̀, ó wá di ọwọ́ mi mú. "Inú rẹ̀ dùn kó tó lọ," ló wí. "Ó gbà pé o ti dé ibẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo fi ń tu ara mi nínú." Ó ti dé ẹnu mi pé, Màmá, ó mọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo gbé e mì.

Àfi kọ́-kọ́-kọ́, ààrẹ ẹgbẹ́ ló ń kan ilẹ̀kùn. Ó ti rí mi láti ojú fèrèsé rẹ̀. "Ọmọ Àmẹ́ríkà! Wò ó, súwẹ́tà wa ló wọ̀! Kú àfẹ́kù o. Ó mà ṣe o, o ò bá wa níbi ìsìnkú. Kò kúkú ṣẹ̀yìn ọ̀nà tó jìn."

Ìyá mi ń wò mí. Ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Gbogbo ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi, bí ẹsẹ̀ tó ti kú ṣe máa ń ṣe tí ẹ̀jẹ̀ bá ń padà síbẹ̀. Mo bọ́ súwẹ́tà náà, mo ká a, mo fi lé ìyá náà lọ́wọ́.

"Ọ̀nà kò jìn, mà," ni mo wí, omijé sì ń dà lójú mi. "Àkúrẹ́ ni mo wà. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí nígbà tí ẹ ń sin ín."