Oògùn Tó Ń Di Oyún Mú

Bí ẹ bá jókòó sórí àga onítìmùtìmù ní òpópónà wa, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ìyàwó káfíńtà ló wọ aṣọ fún un. Ọkọ rẹ̀ a kan igi, òun a tẹ́ fóòmù, a na aṣọ lé e, a sì fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án. Ẹnu ló máa ń há ìṣó náà sí. Ọkọ rẹ̀ a ní òun nìkan ni ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ kì í fèsì. Èmi tí mo ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Oyún méjì ti bọ́ lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, dókítà fún un ní oògùn kan tó ń ṣe iṣẹ́ èròjà tí ara obìnrin fi ń di oyún mú. Ní oṣù kẹrin, dókítà ní ó tó, kó má lò ó mọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ilé olóògùn ló gbà lọ láti ibẹ̀, ó ra irú rẹ̀ sí i, ó sì ń lò ó lọ. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá.

Ní oṣù keje, àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Nǹkan kan kò sú síbẹ̀, àmọ́ a máa ha ọwọ́ mọ́ etí tábìlì títí yóò fi bó.

"Ọwọ́ ń yún ọ, owó ń bọ̀ nìyẹn," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ẹsẹ̀ wá ńkọ́? Àbí o fẹ́ gbé owó náà sá lọ ni?"

Ìṣó kún ẹnu rẹ̀, ó kàn mi orí ni. Ọkọ rẹ̀ ní eruku fóòmù ló fà á, ó ra ìbọ̀wọ́ fún un. Yíyún náà kò gbọ́ ti ìbọ̀wọ́. Ìtọ̀ rẹ̀ wá dúdú bíi tíì tí wọn kò bu mílíìkì sí.

Bó bá lọ fún àyẹ̀wò oyún, nọ́ọ̀sì kò yé bi í: "Ìyá ìkókó wa, ṣé ara kò yún yín?"

"Rárá o. Ara mi dá ṣáṣá."

Bó bá jẹ́wọ́, wọn yóò bi í ní ohun tó ń lò, wọn yóò gba oògùn náà, oyún yóò sì bọ́. Bó ṣe rò ó nìyẹn. Inú bí mi nígbà tó sọ ọ́ fún mi, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń na aṣọ sórí àga lọ́wọ́, ó rí i pé ọmọ náà kò tapá mọ́. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìgbà yẹn ló tó jẹ́wọ́ oògùn náà. Dókítà, obìnrin àgbà, jókòó tì í. "Ẹ̀dọ̀ rẹ ló ń ṣe wàhálà, òun ló ń mú ara yún ọ. Oyún a máa fà á fún àwọn kan, oògùn yẹn sì lè dá kún un. Ká ní o sọ fún wa ni, à bá máa ṣọ́ ọmọ náà, bóyá à bá sì tètè gbé e jáde."

"Bí ẹ bá gba oògùn náà, ṣebí oyún ì bá bọ́?"

"Àbúrò mi, láti oṣù kẹrin ni oyún yẹn ti ń di ara rẹ̀ mú."

Ọkọ rẹ̀ bú sẹ́kún. Ìyàwó kò sunkún títí wọ́n fi dé ilé.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí mi. Awọ ibẹ̀ ti ń san.

"Kò yún mi mọ́," ló wí, ẹkún sì gbà á lẹ́nu. "Ẹ̀gbọ́n mi, ì bá wù mí kó ṣì máa yún mi."