Dóńgóyárò Tó Ń Mu Omi Àlùwàlá

Ní gbogbo Ṣakí, kò sí mọlémọlé tó máa ń falẹ̀ bíi Àpọ́nlé. Bó bá mọ ìpele ògiri amọ̀ kan, ó di dandan kí ọyẹ́ àti oòrùn nà án fún ọjọ́ márùn-ún kó tó gbé òmíràn lé e. Onílé tó bá kanra, á ní kó lọ wá ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ó kẹ́ igi dóńgóyárò ojúde rẹ̀ bí ọmọ. Ìdí rẹ̀ ni gbogbo ilé ti ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, igi náà sì ń tutù yọ̀yọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Àfi bí ìjì àkọ́rọ̀ ọdún 1979 ṣe fà á tu, tó wó lu ilé. Páànù ya, ògiri ò mì. Igi ẹmi etí ọ̀nà, tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tí iná ìgbẹ́ ń jó lọ́dọọdún, tẹ́nikẹ́ni ò bomi rin rí, ò tilẹ̀ ṣẹ́ ẹ̀ka kan.

Àpọ́nlé ò bojú wo páànù. Ọkọ́ ló mú, ó wú ìdí igi méjèèjì. Gbòǹgbò dóńgóyárò kó jọ sójú ibi tí omi àlùwàlá ń dà sí, kò jìn rárá. Ti ẹmi, ó gbẹ́ ẹ títí ihò fi mù ún dé ìbàdí, kò rí òpin rẹ̀.

Nígbà tó gbin dóńgóyárò mìíràn, tí igi náà sì ti fìdí múlẹ̀, ó gbé búta àlùwàlá lọ sẹ́yìnkùlé.

Àwáwù aya rẹ̀ bi í pé, "Bàbá Ràsáàkì, ṣé ẹ ò fẹ́ràn eléyìí ni?"

"Eléyìí gan-an ni mo fẹ́ràn."