Rọ́bà Ìsàlẹ̀ Ogiri

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá Oníwáyà ti ń fi wáyà so irin mọ́ irin níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé. Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, níṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àmọ́ nígbà tí ẹnjiníà ń wá fọ́máànù tí yóò bójú tó ogiri gáréèjì abẹ́ ilẹ̀, kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àbúrò ló nàka sí. Ó ní ìyẹn lè ka àwòrán ilé láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ má jẹ́ ká pẹ́ ẹ sọ, ìlara ń pa Bàbá Oníwáyà. Bí àbúrò bá ti dé akoto funfun tí wọ́n ń fún fọ́máànù, ẹ̀gbọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ìyá wọn bá kí àbúrò kú iṣẹ́ kó tó kí òun, oúnjẹ á korò lẹ́nu rẹ̀. Kódà ìrìn ọmọkùnrin náà ń bí i nínú, ó ní ìrìn olówó ló ń rìn, bẹ́ẹ̀ orúnkún ló ń dun ọmọ ọlọ́mọ.

Ogiri abẹ́ ilẹ̀ kì í sì í ṣe ogiri lásán. Erùpẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń tì í tọ̀sán-tòru, omi náà ń wá ibi tó máa gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to irin sínú rẹ̀ ní ìlà méjì, tí wọ́n á sì fi rọ́bà gígùn kan sí ibi tí kọnkéré ilẹ̀ ti pàdé ogiri. Ìdajì rọ́bà á wà nínú ilẹ̀, ìdajì á nàró sínú ogiri. Bó bá lọ sùn sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, omi ti rọ́nà nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa da kọnkéré, àbúrò wá bá a. Ó ní òun ti wo òkè pákó tí wọ́n kàn yí irin ogiri ká láti da kọnkéré sí, ṣùgbọ́n orúnkún ò jẹ́ kóun lè bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ bá òun wò ó, torí ojú rẹ̀ lòun gbọ́kàn lé jù.

Bàbá Oníwáyà tan tọ́ọ̀ṣì, ó yẹ ibẹ̀ wò láti igun dé igun. Lẹ́bàá àtẹ̀gùn ló ti rí i. Irin kan ti tẹ rọ́bà, ó sùn gbalaja. Wáyà péńpé kan ti tó láti fi gbé e nàró. Wáyà wà lápò rẹ̀, ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Akoto funfun yẹn ló wá sí i lọ́kàn. Ó dìde, ó gbọn eruku ara ṣòkòtò rẹ̀.

"Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀," ló wí. "Ẹ máa dà á."

Òjò ló tú àṣírí. Wọ́n ti kun ẹ̀yìn ogiri lọ́dà, wọ́n ti dá erùpẹ̀ padà, síbẹ̀ omi ń sun lẹ́bàá àtẹ̀gùn títí ó fi mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹnjiníà ní kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n sì bá rọ́bà níbi tó sùn sí. Ó béèrè ẹni tó wo inú pákó kẹ́yìn. Àbúrò ní òun ni, òun nìkan. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gba akoto lórí rẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọ́n sì gbé akoto náà fún ẹ̀gbọ́n.

Bàbá Oníwáyà tẹ̀lé e dé ẹnu géètì, ó fẹ́ bi í léèrè ìdí tó fi purọ́. Kò tíì lanu tí àbúrò fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ní ẹ̀yin lẹ wò ó, àwa méjèèjì ni wọ́n máa lé. Ta ló máa wá tọ́jú màámi? Kò sẹ́ni tójú ẹ̀ ò lè fo nǹkan. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín."

Ó yẹ kí Bàbá Oníwáyà sọ fún un nígbà yẹn pé ojú òun ò fò ó, pé òun rí i kedere. Títí di òní kò tíì sọ ọ́, àbúrò náà sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi mọ́.