Túùbù Méjì Tí Àwọn Ìyá Ń Pààrọ̀

Àbàwọ́n làálì ni mo kọ́kọ́ rí. Ó wà lára túùbù ìpara Tómi, pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ìtẹ̀ka ẹni tí làálì ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo yí túùbù náà síwá sẹ́yìn. Ìyá Tómi, tíṣà tó ń gbé ní Ire-Akari, kì í lé làálì. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìsọlọ̀ ni a ti ń dán ìpara kan wò fún àwọn ọmọdé tí irun orí wọn ń jábọ́ ní róbótó-róbótó. Làpálàpá ni àwọn òbí máa ń pè é, wọn a sì ti fi oríṣiríṣi nǹkan pa á kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe làpálàpá. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń bá irun rẹ̀ jà: ohun tó yẹ kó máa gbógun ti àìsàn nínú ara ló ṣìnà, tó dojú kọ irun. Kì í ràn, ṣùgbọ́n ó ń ba ọmọ lọ́kàn jẹ́. Ọmọ ọdún méje ni Tómi, “Bàbá Apárí” sì ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì.

Oògùn wà nínú ìpara tí a ń fún àwọn ọmọ kan, kò sí nínú ti àwọn yòókù. Àwọ̀ kan náà ni, òórùn kan náà. Nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan ló wà lára túùbù rẹ̀. Èmi tí mò ń fi í lé wọn lọ́wọ́ kò mọ èyí tó ní oògùn. Dókítà Kẹ́mi, ọ̀gá wa, náà kò mọ̀; ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe ìpara náà ni ìwé tó sọ ọ́ wà. A ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àwọn òbí, a ṣèlérí pé gbogbo ọmọ ni yóò gba ojúlówó níkẹyìn, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń padà wá kí n wọn ojú ibi tó pá, kí n sì gba túùbù tí wọ́n ti lò.

Láti ọjọ́ tí mo rí làálì yẹn, mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń lé làálì nínú àwọn ìyá wa: Ìyá Ṣúkúrà, tó ń gbé ní Jakande, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Òṣòdì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ṣúkúrà. Lójú mi, òun àti Ìyá Tómi kì í bá ara wọn sọ ju “ẹ káàárọ̀” lọ lórí bẹ́ǹṣì wa. Kí ló wá gbé ọwọ́ rẹ̀ dé ara túùbù ọlọ́túùbù? Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé ó ń gba ìpara wa lọ tà. Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí Òṣòdì, mo ṣe bí ẹni fẹ́ ra ìpara, mo sì ń wo tábìlì àwọn tó ń tà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò rí nǹkan kan. Dípò kí ọkàn mi balẹ̀, ṣe ni mo sọ fún ara mi pé ó mọ ibi tó ń fi í pamọ́ sí.

Nígbà tí ọjọ́ wọn pé, mo pe Ìyá Ṣúkúrà wọ yàrá.

“Ìyá Ṣúkúrà, ta lẹ ń ta ìpara yìí fún?”

“Àǹtí Nọ́ọ̀sì, èmi?”

“Làálì yín wà lára túùbù ọmọ ọlọ́mọ.”

“Ẹ ò sì lè bi mí pé kí ló gbé e débẹ̀? Olè lẹ kọ́kọ́ pè mí.”

Mi ò tíì fèsì tí Ìyá Tómi fi ṣílẹ̀kùn wọlé. Ó ti gbọ́ ohùn wa láti ìta.

“Ẹ má bá a wí, Àǹtí. Èmi ni mo dá a lábàá.”

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ òótọ́. Ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ kọ̀ọ̀kan á lo túùbù tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ìyá á pàdé ní ìsọ̀ Ìyá Ṣúkúrà, wọ́n á pààrọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òfo, ọmọ méjèèjì á ṣì rí díẹ̀ nínú èyí tó ní oògùn.

“A ṣàlàyé fún yín,” mo ní.

“Ẹ ṣàlàyé,” Ìyá Ṣúkúrà dáhùn. “Ṣùgbọ́n ta ló ń fún ọmọ èèyàn ní nǹkan, tí yóò ní òun ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀? Báwo la ṣe fẹ́ gbà yín gbọ́?”

Bí mo ṣe ń fura sí i ni òun náà ti ń fura sí mi láti ọjọ́ kìíní, ìdí tirẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju tèmi lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ olè. Wọ́n bẹ èmi náà pé kí n má sọ fún Dókítà, kí wọ́n má baà lé àwọn ọmọ wọn. Ó ṣe mí bíi kí n gbà, àmọ́ mo sọ.

“Sístà, ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí,” ni Dókítà Kẹ́mi wí. Wọ́n yọ àwọn ọmọ méjèèjì kúrò lára àwọn tí a ó ka èsì wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lé wọn.

Nígbà tí ìdánwò parí, tí ìwé tó sọ èwo ni èwo dé, a pe àwọn ìyá méjèèjì pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Irun Tómi ti hù padà tán nígbà náà, ó sì dá ìyá rẹ̀ lójú pé túùbù tirẹ̀ ló ní oògùn. Dókítà ka nọ́ńbà méjèèjì. Kò sí oògùn nínú èyíkéyìí.

Ìyá Tómi fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. “Kí ló wá hu irun yìí?”

Dókítà ní nígbà mìíràn, ìjà inú ara náà máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Torí ẹ̀ gan-an la ṣe nílò ìpara tí kò ní nǹkan nínú, ká má baà yin oògùn fún iṣẹ́ tí kò ṣe.

Ìyá Ṣúkúrà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. “Ìyá Tómi, òfo la ń pín láti ọjọ́ yìí.”

Ṣúkúrà bẹ̀rẹ̀ ojúlówó lọ́sẹ̀ yẹn. Ní oṣù kẹta tó ti ń lò ó, ó ṣí ìborùn rẹ̀, mo sì rí irun tín-ín-rín létí ibi tó pá, rírọ̀ bí ìyẹ́ òròmọdìẹ. Ìyá rẹ̀ kò wo orí náà, ojú mi ló ń wò.

“Ṣé ìpara ni?”

“Mi ò mọ̀, Ìyá Ṣúkúrà. Ó lè jẹ́ òun, ó lè má jẹ́ òun.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ rẹ̀ mú, kó má baà mì, kí n lè wọ̀n ọ́n.