Ibà Tó Ń Gba Abẹ́rẹ́ Lóṣooṣù

Mo rántí òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nínú yàrá ìwé ilé ìwòsàn kékeré kan ní ìhà Idigny, nílẹ̀ Kétu. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: dókítà obìnrin kan tó ti Kútọnu wá, nọ́ọ̀sì àgbà tó jẹ́ ọ̀gá wa, àti èmi akọ̀wé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ pupa ti lẹ̀ mọ́ bàtà dókítà. Ó ní òun wá ka iye ènìyàn tí àrùn ọpọlọ ń ṣe ní àgbègbè wa. Òun kò ní wọ ilé ẹnikẹ́ni. Inú ìwé ńlá tí a ń kọ àwọn aláìsàn sí ni òun yóò ti kà á. Kò fẹ́ orúkọ, iye ló fẹ́.

Inú mi dùn, nítorí èmi ni mo kọ gbogbo ìwé náà. Mo pẹ́ kí n tó dé ilé ìwé. Mo ti hu irùngbọ̀n nígbà tí mo ń kọ́ bí a ṣe ń di bíìkì ìkọ̀wé mú, bàbá sì ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pè mí. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ìkọ̀wé mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé ohun tí mo bá ti kọ tó gún régé, ó ti di òótọ́ nìyẹn.

Dókítà ka ìwé títí di ọ̀sán, ó wá gbójú sókè.

"Ènìyàn mẹ́rin péré. Ẹ̀yin ará Kétu, ṣé orí yín kì í dàrú ni?"

Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ dúró di ọjọ́ ìdìbò, ẹ ó rí wa."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ìka tẹ ojú ìwé. "Bàbá akọ̀wé, ibà wo ló ń gba abẹ́rẹ́ kan náà lóṣooṣù fún ọdún mẹ́ta?"

Nọ́ọ̀sì yíjú sí fèrèsé.

Bó ṣe rí nìyí. Bí wọ́n bá gbé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú wá, ẹbí a kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ mi: "Ẹ bá wa kọ ibà, ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò rẹ̀ kò tíì lọ́kọ." Wèrè dùn ún wò lọ́jà, kò ṣe é bí lọ́mọ. Mo máa ń kọ ibà. Nọ́ọ̀sì a kọ oògùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe rí gan-an, a ò sì ní bá ara wa sọ ọ́. Àwọn mẹ́rin tí dókítà rí, àwọn tí kò ní ẹbí tó lè bẹ̀ mí ni.

Orúkọ ìyàwó mi wà lára àwọn oníbà. Lẹ́yìn tó bí ọmọ wa kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Abẹ́rẹ́ náà ló dá a padà sí ìdí maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

Dókítà ní, "Mo lè fura, ṣùgbọ́n mi ò lè ka ìfura. Ohun tó wà lójú ìlà ni màá kà. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, alábẹ́rẹ́ tó ń gun alùpùpù wá síbí lóṣooṣù yóò máa lọ síbi tí èrò pọ̀ sí." Ó ní òun yóò padà wá mú iye náà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó mi ń rán aṣọ kakí àwọn ọmọ ilé ìwé. Mo sọ fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró lórí maṣíìnì.

"Kí lẹ kọ fún èmi?"

"Ibà."

Ó rẹ́rìn-ín títí òwú fi já. "Ọdún mẹ́ta! Bàbá àwọn ọmọ, ibà yẹn ì bá ti pa mí. Gbogbo ayé ló rí mi lọ́jọ́ tí mo ń wàásù fún ewúrẹ́ lójú ọ̀nà Kpankou. Ta lẹ wá ń fi í pamọ́ fún?"

Mo bá a wá ojú òwú tó já.

"Ẹ kọ mí bí mo ṣe rí, kí alábẹ́rẹ́ lè máa bọ̀. Àwọn tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, èmi ni màá bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀yin bá lọ, wọn á tilẹ̀kùn."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti wọ ilé méje. Ilé kan ṣoṣo ni kò gbà, mo sì fi ibà tiwọn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ọdún mẹ́rin rèé tí ìyàwó mi ti kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un lọ, kì í ṣe ohùn kankan. Ọmọbìnrin wa ló ń lo maṣíìnì rẹ̀ báyìí. Lóṣooṣù, mo ṣì ń gbọ́ alùpùpù alábẹ́rẹ́ bó ṣe ń gun òkè bọ̀, ara mi a sì balẹ̀. Àánú ni mo pe ohun tí mo ń ṣe nígbà náà. Bí mo bá rò ó dáadáa, ìtìjú ara mi ni mo ń bò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí dókítà yóò padà wá, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo ṣí ìwé ńlá náà. Òfin wa ni pé a kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo là ń fà lé e, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ti ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ wá. Mo fa ìlà lórí ibà, mo kọ àrùn ọpọlọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú.